Ẹsẹ̀ Bàbá Sàlámọ̀ àti Ìwé Ọkọ̀ Mi Tó Ti Kú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún yín lónìí. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Àwọn ọmọ mi gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ọkọ mi tó mọ gbogbo rẹ̀ ti dolóògbé. Ó wá ku èmi nìkan, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Ọmọkùnrin kan ló rán mi létí. Ó gbé àwòrán ọkọ̀ rẹ̀ sórí ìkànnì yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun gbá ọlọ́kadà ṣùgbọ́n òun ti "yanjú ẹ̀" ní tééṣàn. Gbogbo yín ń kí i kú oríire. Èmi náà fẹ́ kí i, ìka mi kọ̀! Ṣé ẹnikẹ́ni nínú wa tiẹ̀ béèrè ọlọ́kadà?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí nígbà náà ní Ìṣẹ́yìn, láàárín àwọn ọdún tí owó epo rọ̀bì mú kí ìjọba fi owó kún owó oṣù àwa òṣìṣẹ́. Mo ra ọkọ̀ ìjàpá kan, àlòkù, lọ́wọ́ tíṣà kan tí wọ́n gbé lọ sí Ìbàdàn. Èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa ọkọ̀ ara rẹ̀ ní àdúgbò wa. Ẹ ò mọ bí ìgbéraga ṣe ń gun èèyàn! Bí mo bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á máa pariwo, "Sístà onímọ́tò!" Èmi náà á wá máa tẹ fèrè níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Inṣọ́ránsì ọkọ̀ náà parí nínú oṣù kejìlá. Mo mọ̀. N kò ní parọ́ fún yín, èyí tí mo ti pa ti tó. Owó tí mo fẹ́ fi tún ìwé náà ṣe wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n Kérésì ń bọ̀, mo fi ra kọ́tìnnì. Kọ́tìnnì olódòdó! Mo ní bí owó oṣù kìíní bá wọlé, màá tún ìwé ṣe. Ta ló tiẹ̀ ń wo ìwé yẹn?

Oṣù kìíní kò tíì parí nígbà tí ọ̀ràn dé.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. Mo lọ ṣe ìpàdé ní Ṣakí, mo sì ń padà bọ̀ wálé lọ́sàn-án. Mọ́rẹ́nikẹ́ ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mọ́rẹ́nikẹ́ yìí ló máa ń nu ilẹ̀, tó ń fọ aṣọ ní wáàdù àwọn aboyún. Obìnrin tó lé díẹ̀ ní ogún ọdún ni, abẹ́ mi ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń dáná sun igbó káàkiri, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èéfín, eruku àti ọyẹ́ dà pọ̀ mọ́ra wọn.

Nígbà tí a kọjá Ọ̀kákà díẹ̀, a bá lọ́rì oníṣu kan níwájú. Ó ń rìn bí ẹni tó gbé òkú. Eruku tó ń tú sẹ́yìn kò jẹ́ kí n rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni agogo iṣẹ́ ọ̀sán mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ní, "Ẹ rọra, Sístà. A ò rí iwájú."

Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre, àbí òun ló kọ́ mi lọ́kọ̀ ni? Mo tẹ fèrè, mo yà sápá òsì, mo tẹná mọ́ ọn.

Kẹ̀kẹ́ ológeere kan ń bọ̀ níwájú.

Ó wà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ kó yé yín: ọkùnrin náà wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tirẹ̀, ó tiẹ̀ ti ń darí kẹ̀kẹ́ wọ inú koríko nígbà tó gbọ́ fèrè mi. Èmi ni mo lọ bá a níbẹ̀.

N kò ní ṣàpèjúwe ìró náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nígbà tí ọkọ̀ dúró ni aṣọ. Ahunṣọ ni ọkùnrin náà, ó ń gbé aṣọ òfì lọ fún oníbàárà kan ní Ọ̀kákà. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ òfì máa ń jáde, wọ́n á ká a jọ bí bándéèjì kí wọ́n tó rán an pọ̀. Ìdì aṣọ yẹn ti tú. Aṣọ elésè àlùkò nà gbọọrọ láti ibi tí ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ sí títí dé ìdí táyà mi, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí àlejò gbà á kọjá.

Mo fi aṣọ náà di itan rẹ̀ pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Iṣẹ́ mi ni. Awakọ̀ lọ́rì náà dúró, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbé wa sórí iṣu, ó di ọsibítù wa ní Ìṣẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe gbé bàbá náà sọ̀ kalẹ̀ báyìí, lọ́rì ti lọ. Ta ló fẹ́ kí wọ́n ti iṣu òun mọ́ tééṣàn ọlọ́pàá?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni dókítà gé ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, lókè orúnkún.

Ahunṣọ o! Ẹ rò ó wò. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi ń tẹ òfì. Bí ọwọ́ bá ti ń ju òwú, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Bàbá Sàlámọ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn láti kékeré.

Èmi fúnra mi ni mo lọ sí tééṣàn. Sájẹ́ǹtì tó wà nídìí tábìlì mọ̀ mí, èmi ni mo gbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀. Ó ní kí n jókòó, ó bu omi fún mi, ó wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wò ó, mi ò pète irọ́ kankan kí n tó débẹ̀. Ó kàn jáde lẹ́nu mi geerege ni: mo ní bàbá náà ló ṣàdédé já wọ ojú ọ̀nà. Sájẹ́ǹtì kọ ọ́ sílẹ̀, mo buwọ́ lù ú. Mọ́rẹ́nikẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ilẹ̀ ló ń wò.

Sájẹ́ǹtì ní kí n mú ìwé ọkọ̀ wá. Ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó mi orí.

"Sístà, ìwé yìí ti kú."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kò sọ pé ó ti parí. Ó ní ó ti kú.

Ọkọ mi, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, wá lọ́yà kan láti Ìbàdàn. Lọ́yà yìí là á yé wa pé ẹjọ́ méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan ni ti ìjọba sí mi, nítorí ìwàkuwà àti ọkọ̀ tí kò ní inṣọ́ránsì. Èkejì ni èyí tí ẹbí bàbá náà lè pè láti gba owó ẹsẹ̀ rẹ̀, owó ọsibítù rẹ̀ àti owó iṣẹ́ tí kò ní lè ṣe mọ́ láyé. Ó ní ká ní ìwé mi wà láàyè ni, àwọn oní-inṣọ́ránsì ni ì bá san ìyẹn. Ní báyìí, èmi ni, látorí owó oṣù mi títí dórí ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́lé sí. Àfi bí kọ́ọ̀tù bá gbà pé bàbá ló jẹ̀bi o. Ìyẹn nìkan ni a ò fi ní san kọ́bọ̀.

Ó ní, "Ọwọ́ ọmọbìnrin tó jókòó tì yín yẹn ni gbogbo ẹ̀ wà."

Mo lọ sílé Mọ́rẹ́nikẹ́. Mo mú aṣọ àǹkárá kan dání. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ó ń dúpẹ́ pé ọ̀gá ọmọ òun wá kí àwọn nílé! Mo sọ fún Mọ́rẹ́nikẹ́ pé wọn ò ní pẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé òṣìṣẹ́ gidi, àti pé Métírọ̀nù máa ń gbọ́ tèmi. Mi ò ní kó parọ́ o. Mo kàn ní kó "rántí dáadáa" ni.

Ó fọwọ́ ra aṣọ náà títí. Ó ní, "Ohun tí ẹ bá ní kí n rántí ni màá rántí, mà."

Ká ní ó bú mi ni! Ká ní ó ju aṣọ yẹn sí mi lójú!

Bàbá Sàlámọ̀ wà ní wáàdù àwọn ọkùnrin, kò jìnnà sí tiwa. N kì í gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ ṣépè fún mi ni. Mo lọ.

Ó ti gbẹ. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ di ẹsẹ̀ mi lọ́nà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ì bá ti pa mí. Ọlọ́hun á san yín lẹ́san."

Mo ní àmín.

Ó ní, "Ọlọ́pàá wá síbí. Ó ní mo já wọ ojú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì, mi ò rántí nǹkan kan. Mo rántí ìgbà tí mo gun kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn ìyẹn, orí bẹ́ẹ̀dì yìí ni mo bá ara mi. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni mo já wọ ọ̀nà?"

Mo tẹjú mọ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

"Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ forí jì mí. Mo gbọ́ pé mọ́tò yín bàjẹ́, wọ́n sì tún ń bá yín ṣẹjọ́ nítorí mi. Ẹ forí jì mí, Nọ́ọ̀sì."

Ẹ̀yin èèyàn! Ọkùnrin tí mo gé lẹ́sẹ̀ ló ń bẹ̀ mí!

Mo ní, "Ẹ sinmi, Bàbá." Mo tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe. Mo jáde.

Ìdáhùn mi nìyẹn. Mo tún ìrọ̀rí ṣe.

Láti ọjọ́ yẹn, Ìṣẹ́yìn há mọ́ mi. Ọkọ̀ mi wà ní tééṣàn, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, kò sì sí agboolé tí mo máa gbà kọjá tí òfì ò ní máa dún níbẹ̀. Gbàkà, gbàkà. Mo ti ń gbé nínú ìró yẹn látọjọ́ tí mo ti dé ìlú, mi ò fetí sí i rí. Nísinsìnyí, ẹsẹ̀ ni mo ń gbọ́. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kan tó dákẹ́ díẹ̀, màá dúró títí yóò fi dún lẹ́ẹ̀kejì. Ahunṣọ kan tiẹ̀ bi mí pé aṣọ wo ni mo fẹ́ rà, tí mo fi dúró síwájú òun bẹ́ẹ̀.

Ní wáàdù, bí mo bá tú bándéèjì, ojú mi á rí i bí elésè àlùkò. Màá ṣẹ́jú, á tún di funfun. Obìnrin kan tó ń rọbí di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé ọmọ mi máa yè?" Àlàáfíà ni ọmọ náà wà, mo mọ̀, síbẹ̀ mi ò lè sọ ọ́! Nọ́ọ̀sì kejì ló dá a lóhùn.

Mo ká kọ́tìnnì olódòdó sílẹ̀. Ọkọ mi ò bi mí ní ìdí.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni ẹjọ́ dé ojú ẹ̀. Mo ti sọ fún kọ́ọ̀tù látìbẹ̀rẹ̀ pé mi ò jẹ̀bi. Ọlọ́pàá ti sọ tẹnu wọn, ó wá kan àwọn ẹlẹ́rìí tèmi. Wọ́n pe Mọ́rẹ́nikẹ́. Ó wọ àǹkárá tí mo fún un. Wọ́n gbé Bíbélì lé e lọ́wọ́. Kò wo májísíréètì, kò wo lọ́yà. Èmi ló ń wò, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ gbàgbé nǹkan kan.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó búra. Irọ́ ni. Èmi ni mo lọ bá bàbá náà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀."

Lọ́yà mi fà mí láṣọ kí n jókòó, kò rí mi fà. Májísíréètì bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

Ó bá mi wí débi pé ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé. Ó ní irọ́ tí mo pa fún ọlọ́pàá tó ẹjọ́ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n òun á rò ó pé mo la ẹnu ara mi kí ẹlòmíràn tó búra èké. Ó dá mi lẹ́bi. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn, owó ìtanràn mìíràn fún inṣọ́ránsì, wọ́n sì gba láísẹ́ǹsì mi fún ọdún mẹ́ta. Ọkọ mi yá owó ìtanràn yẹn lójú ẹsẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ tíṣà rẹ̀, ìdí tí mi ò fi sùn sẹ́wọ̀n nìyẹn.

Lọ́yà mi di ìwé rẹ̀. Ó ní, "Màdáámù, ẹ ti fi ẹnu ara yín ta ilẹ̀ yín."

Níta, Mọ́rẹ́nikẹ́ dúró lábẹ́ igi, ó ń sunkún. Mo rò pé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Mà, ǹ bá ti sọ irọ́ yẹn o. Mo ti ṣe tán láti sọ ọ́. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí." Kó tó di ìparí oṣù yẹn, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò rí i mọ́ títí dòní.

Ọkọ mi ò bínú sókè. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé ìwé ilẹ̀ wa jáde nínú àpótí fúnra rẹ̀, ó fi lé orí tábìlì, ó lọ sí ilé-ìwé. A ò jẹ́ kí ẹjọ́ kejì dé ilé-ẹjọ́ gíga ká tó gbà. Àwọn lọ́yà kọ ìwé àdéhùn, kọ́ọ̀tù fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ lọ. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi san ìyókù lóṣooṣù. Wọ́n tún kọ kúẹ̀rì fún mi níbi iṣẹ́, àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ sì di ọ̀gá mi. A yọ àkọ́bí mi kúrò ní ilé-ìwé tó ń gbé ní Ìbàdàn. Ó wà lórí ìkànnì yìí, ó ń ka èyí. Ó ní òun ò bínú. Bó bá wù yín, ẹ gbà á gbọ́!

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń lé mi kiri.

Ọjọ́ kejì ìdájọ́, ní ọ̀sán gangan, ìyàwó Bàbá Sàlámọ̀ wá sílé mi. Kò pariwo. Mo gbé àga fún un, kò jókòó.

Ó ní, "Gbogbo ìrun tí ọkọ mi kí láti oṣù mẹ́rin, orúkọ yín wà níbẹ̀. Ó ń bẹ Ọlọ́hun pé kí ẹ lè forí ji òun. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé, a lè pè é ní kádàrá. Èyí tí ẹ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ńkọ́? Kí la fẹ́ máa pe ìyẹn?"

Ẹ bá mi dáhùn. Kí là bá máa pè é?

Èmi fúnra mi ni mo ń gbé owó náà lọ lóṣooṣù. Màá bá Bàbá Sàlámọ̀ lórí àpótí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń ká òwú fún àwọn tó kọ́ níṣẹ́, tí àwọn náà ń hun aṣọ níwájú rẹ̀. Yóò gba owó, kò ní gbójú sókè. Ní ọdún karùn-ún, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ níbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Dìde."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀.

"Mo ti fi ẹsẹ̀ jì ọ́. Ó ti pẹ́. Ìrọ̀rí tí o tún ṣe yẹn ni mi ò tíì rí fi jì ọ́. Mò ń gbìyànjú. Máa lọ sílé."

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àìsàn ibà gbé e lọ. Ṣé ó ti rí i fi jì mí kó tó lọ ni, àbí kò rí i? Mi ò mọ̀. Ta ni mo fẹ́ bi? Mo lọ síbi ìsìnkú, mo dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Mo san ìyókù fún ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbé ti ìkẹyìn lọ, ó gbà á, ó wọlé, ó bu omi tútù wá fún mi nínú kọ́ọ̀pù. Mo mu ún. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò mọ ìtumọ̀ omi náà.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ máa tún ìwé ọkọ̀ yín ṣe lásìkò, kódà bí ẹ ò bá ní kọ́tìnnì. Bí ẹ ò bá rí iwájú, ẹ má yà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹni tí ẹ ṣe léṣe má bàa máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ má sì fi ipò yín ra ẹnu ẹni tó wà lábẹ́ yín.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí síárìn, ẹ̀yin tí wọ́n gbá, ẹ̀yin tí ẹnì kan ní kẹ́ ẹ "rántí dáadáa", ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀. Mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ẹnu mi ò gbà á. Gbèsè kọ́ọ̀tù ní ọjọ́ tó tán. Èyí tó kù lọ́rùn mi yìí, mi ò rí ẹni tí màá san án fún mọ́.